Iyán Iṣu Tuntun Tí Mo Gún ní Savalu

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, n kò mọ̀ yín, ẹ kò sì mọ̀ mí. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún Fada. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ìbínú, mo jẹ́wọ́ òfófó, mo sì dìde. Èyí tó wúwo kò jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Iṣu tuntun ti ń jáde, ọmọ kan nínú ilé mi sì fẹ́ gún iyán. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Yóò yé yín tí a bá dé ibẹ̀.

Ọmọ Bantẹ̀ ni mí, ìlú kan tí kò jìnnà sí Savalu. Ọkọ mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé àwọn Àgùdà, Mẹ́tìrì ni gbogbo ayé ń pè é. Òun ló kọ́ mi ní ìwé tí mo fi ń kọ èyí. Ohùn rẹ̀ tóbi. Tó bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ láàárọ̀, àwọn àgbẹ̀ tó ń kọjá lọ sóko a máa dá a lóhùn fún ẹ̀fẹ̀ pé àwọn náà wà níbẹ̀. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ, ṣùgbọ́n ilé wa kì í dákẹ́.

Egbò kékeré kan ló kọ́kọ́ yọ sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀. A rò pé egungun ẹja ló gún un. Egbò náà kò san. Nígbà tó yá, kókó kan yọ sí ọrùn rẹ̀. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ra, òórùn sì ń jáde. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n a kò tíì fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nígbà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú irú rẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tó ti ń bá a jẹun nínú abọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọn ti yó. Wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí mo bá wọlé, á kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọkọ mi tí kì í tijú ẹnikẹ́ni ń tijú èmi aya rẹ̀ nítorí ògì.

Nílé ìwòsàn àwọn Àgùdà kan ní Savalu, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan tí a ń pè ní Màsẹ́ẹ̀ ló ń wẹ ojú egbò fún àwọn aláìsàn ní ọjọ́ ọjà. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé náà. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn tí àìsàn wọn wà lẹ́nu, lágbọ̀n tàbí lọ́rùn máa ń dúró sí, oníkálukú pẹ̀lú aṣọ tó fi bo ojú. Ẹnikẹ́ni kì í wo ẹnikẹ́ni.

Mẹ́múnà ló yí i padà. Ìyàwó Sàlámì aránṣọ ni, ọmọbìnrin tó kéré sí mi púpọ̀, kókó tirẹ̀ wà lábẹ́ etí. Lọ́jọ́ kan ó ṣí aṣọ lójú, ó gbé igbá ògì rẹ̀ sẹ́nu níwájú gbogbo wa. Ó dà sí i láyà. Ó wo ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, bùbá mi ti jẹun, ó ku èmi." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. N kò rántí ìgbà tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Baba àgbà ará Máhì kan tó ti Jaluku wá, Dàá la ń pè é, fi ọwọ́ lu ilẹ̀ nítorí kò lóhùn mọ́. Gbogbo wọn ṣí aṣọ lójú. Gbogbo wọn jẹun.

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò lórúkọ, kò ní olórí. Ní ọjọ́ ọjà àwọn aláìsàn á jókòó yíká, àwa tí à ń tọ́jú wọn á wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú aṣọ ìnujú. Tí wọ́n bá jẹun tán, àwa á lọ sẹ́yìn kànga, a ó sọ ohun tí a kò lè sọ nílé: pé ó ti rẹ̀ wá, pé òórùn yẹn ń lé wa jáde nínú yàrá, pé nígbà mìíràn a máa ń fẹ́ kó tán. Ẹnikẹ́ni kì í ṣépè fún wa níbẹ̀. Ọmọ Dàá á ní, "Èmi náà, ẹ̀gbọ́n, èmi náà." Ilé tí mo ní láyé nígbà náà, ẹ̀yìn kànga yẹn ni.

Àwọn tiwa kì í béèrè pé ara ńkọ́. A mọ bí ara ṣe rí. "Kí lo jẹ?" ni ìkíni wa. Ẹni tó bá ní òun gbé ẹ̀wà mì, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. A sì jẹ́jẹ̀ẹ́ kan. Ẹ mọ̀ pé ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí kò jẹ iyán kò tíì jẹun. A ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé iyán mì láàárín wọn, ilé rẹ̀ ni yóò gún iyán fún gbogbo ẹgbẹ́ lábẹ́ máńgòrò.

Mẹ́múnà àti ọkọ mi fẹ́ràn ara wọn. "Ọkọ mi Àgùdà" ló ń pè é. Nígbà tí ahọ́n ọkọ mi kò yí mọ́, ó ń fi ìka kọ lẹ́tà sórí yẹ̀pẹ̀ fún un, Mẹ́múnà á máa kà á sókè, ọmọ rẹ̀ Ráfátù á máa sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Dọ́kítà kan tó ń kọjá wá wò wọ́n. Ó ní kí àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà létí òkun, kí wọ́n lọ gé e. Ó sọ fún Sàlámì, níṣojú mi, pé ti Mẹ́múnà kò tíì wọnú, pé tó bá tètè lọ, ó ṣeé yọ. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní olùkọ́ tí wọ́n gé ahọ́n rẹ̀, kí ni yóò fi máa kọ́ ọmọ? Ó ní kí n mú òun lọ sí Agua, ìlú baba òun. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ létí igbó tó ń fi ewé di kókó. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń ba Mẹ́múnà náà. Ó ní òun á kọ́kọ́ wo ohun tí ewé Mẹ́tìrì bá ṣe.

Ewé ṣiṣẹ́ lójú wa. Kókó náà bẹ́, omi jáde, wíwú ọrùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. A wá sí Savalu, ó sì sọ̀rọ̀ ketekete fún ẹgbẹ́ wa. Gbogbo wọn fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Mẹ́múnà pẹ́ níbẹ̀ jù, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún.

A padà sí Agua. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń bọ́jú fún un, ẹ̀jẹ̀ tú jáde lọ́rùn rẹ̀. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi kò tó. Omi tí mo fi ń bọ́jú rẹ̀ kò tíì tutù tó fi lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Mo jókòó sórí ẹní, mo dé gèlè dúdú, àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń ní "Ẹ kú àfẹ́kù." Ará Agua kì í sábà ná ọjà Savalu, nítorí náà ìròyìn kò dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, àwọn àgbà ilé gbà kí n lọ dá abọ́ tí Màsẹ́ẹ̀ yá wa fún wíwẹ egbò padà, kí n sì dúpẹ́. Ẹ gbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí mo kúrò nílé, òtítọ́ ni mo fẹ́ lọ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa. A kì í túfọ̀ lójú aláìsàn. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni à ń pè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú kámíyọ̀, mo ṣí gèlè dúdú náà, mo ká a sínú agbọ̀n mi, mo we òmíràn. Mo fẹ́ gba ẹ̀yìn kànga, kí n pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kí n sọ fún wọn. Títí di ibẹ̀, n kò tíì ṣẹ̀.

Mẹ́múnà rí mi lókèèrè. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ìyàwó Mẹ́tìrì! Kí ni ọkọ wa jẹ?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Àwọn ojú wọ̀nyẹn, ẹ̀yin èèyàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, ètè tó ti lọ, gbogbo rẹ̀ ń dúró de ohun tí ọkọ mi jẹ.

Mo ní, "Ó jẹ iyán."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀pá lé mi.

Ariwo sọ. Dàá ń lu ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ń sunkún ní èdè Máhì. Sàlámì ti sáré lọ yá odó ní ilé kan, ẹnìkan ti gbé iṣu tuntun dé láti ọjà, wọ́n ti ń dáná. Ẹ̀jẹ́ ni, ilé tiwa ló kàn. Wọ́n fi ọmọ odó lé mi lọ́wọ́.

Mo gún un. Èmi opó tí ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ kò tíì gbẹ lára ẹní, mo gún iyán ayọ̀. Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò dúró. Ohun tó burú jù nìyí, mo sì ti búra pé màá sọ ọ́: inú mi ń dùn. Ní Agua, ọkọ mi ti kú. Lábẹ́ máńgòrò yẹn, ó wà láàyè, ó ti yó, ó ń sinmi nílé, èmi sì ni ìyàwó rẹ̀. Bí mo bá gbé ọmọ odó sọlẹ̀, yóò kú lẹ́ẹ̀kejì. N kò fẹ́ kó kú lẹ́ẹ̀kejì. Iyán náà kúnná, kò ní kókó kankan. N kò tíì gún irú rẹ̀ rí.

Mẹ́múnà mú òkèlè kékeré kan, ó fi ilá gbé e. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ráfátù, n kò lọ sétí òkun mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ sí Agua."

Nígbà tí a kò sí níbẹ̀, Mẹ́múnà ti gbà láti lọ, Màsẹ́ẹ̀ sì ti bá wọn rí awakọ̀ tí yóò gbé wọn dé Dasa, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni wọn ìbá lọ. Mò ń fọ odó nígbà tí mo gbọ́ ohun tó sọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Mo ń fọ odó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi bọ̀, ó kù díẹ̀. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá dé Agua, wọn á bá ibojì. Nítorí náà mo sọ fún Sàlámì pé òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, pé ìyá arúgbó náà kì í gba àlejò. Mo ní èmi fúnra mi á máa gbé ewé náà wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ fún mi. N kò dé ọ̀dọ̀ Màsẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Abọ́ rẹ̀ wà nílé mi títí di òní.

Mo padà sí Bantẹ̀, sínú ilé tí èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà mo ń gbé ewé lọ sí Savalu. Mo ń ká gèlè dúdú sínú agbọ̀n nígbà tí mò ń lọ, mo ń dé e nígbà tí mò ń bọ̀. Wọ́n á bi mí pé kí ni Mẹ́tìrì jẹ, èmi á ní ẹ̀wà àti ẹja, èmi á ní àkàrà. Mo bọ́ òkú dáadáa.

Kókó Mẹ́múnà kò bẹ́. Inú ọ̀fun ló gbà. Nígbà tí Sàlámì fi gbé e padà lọ bá dọ́kítà, dọ́kítà ní ọ̀bẹ kò lè débẹ̀ mọ́. Mẹ́múnà kò lè gbé omi mì mọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó fa ọwọ́ Ráfátù, tó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, ó ń ṣe bí ẹni tó gbé nǹkan sókè, tó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Sàlámì ló túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ó ní ọwọ́ tó gún iyán yẹn ni kó tọ́ ọmọ òun."

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, mo sọ fún wọn pé ibà ti pa Mẹ́tìrì. Wọ́n bá mi sunkún. Sàlámì, tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀, jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó rán aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú fún mi, ó kọ̀ kí n fún un ní nǹkan kan. Mo wọ̀ ọ́. Mo ṣọ̀fọ̀ ọkọ kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún báyìí. Ráfátù ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bantẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ mú bíi ti ìyá rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń mú un lọ sí ilé kéú, nítorí mo ṣèlérí pé n kò ní yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Èmi tí mo wá ọmọ títí tí n kò rí, ọmọ yìí ń pè mí ní ìyá. Tó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, inú mi a dùn, ẹ̀rù a sì bà mí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. N kò rò pé ọmọdé ni òtítọ́ yóò rán.

Ráfátù ṣàkíyèsí pé n kì í jẹ iyán. Ní ìlú wa, ìyẹn kò ṣeé fi pamọ́. Ó bi mí láìpẹ́ yìí. Mo ní kì í bá inú mi lára mu. Ó ní, "Ìyá, bàbá mi ní iyán yín ni nǹkan ìkẹyìn tó dùn mọ́ ìyá mi lẹ́nu. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe gún un, kí n gbé e lọ fún bàbá mi tí iṣu tuntun bá jáde."

Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ìbá ti tó. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ṣì ń jókòó lábẹ́ máńgòrò, àwọn tuntun ti dé. Sàlámì máa ń lọ jókòó tì wọ́n, ó ń sọ ìtàn Mẹ́tìrì tó jẹ iyán fún wọn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Àgbẹ̀ kan láti Atokoligbe wà láàárín wọn, egbò ń bẹ lẹ́ẹ̀kẹ́ rẹ̀. Dọ́kítà ti ní kó lọ sétí òkun. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wá ewé. Mo ránṣẹ́ padà pé kò sí ewé, kó lọ gé e. Ó tún ránṣẹ́: kí ló dé tí òun á fi jẹ́ kí wọ́n gé òun, nígbà tí Mẹ́tìrì kò gé tirẹ̀, tó sì jẹ iyán?

N kò ní èsì kankan fún un àfi òtítọ́. Ìyẹn kò ṣòro fún mi mọ́. Ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, màá dé gèlè dúdú wọ abẹ́ máńgòrò náà, n kò ní ká a sínú agbọ̀n. Màá gbé abọ́ Màsẹ́ẹ̀ dání. Màá sọ ohun tí ọkọ mi jẹ fún wọn. Kí Sàlámì ṣe mí bó bá ti fẹ́. Tó bá gba ọmọ rẹ̀ padà, ọmọ rẹ̀ ni.

Ọmọ náà ni n kò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí tí ẹ ti purọ́ nítorí ìfẹ́, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí ọmọ tó ń lọ sí ọdún mẹ́jọ lè gbọ́. N kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ní Savalu. N kò sì fẹ́ kó kọ́ iyán yẹn lọ́wọ́ mi láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n sọ ọ́ kó tó gbé ọmọ odó, àbí kí n jẹ́ kó gún un lẹ́ẹ̀kan, kó rẹ́rìn-ín bí ìyá rẹ̀ ṣe rẹ́rìn-ín, kí n tó sọ?

Mẹ́múnà, tó o bá ń gbọ́, foríjì mí. N kò pa ọ́ nítorí pé mo kórìíra rẹ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Ráfátù ń wọ́ odó kọjá lójúde. Ó ní iṣu ti fẹ́ jinná, kí n máa bọ̀.